Ìwé Tó Pa Jemimah Lẹ́kún

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí iná ti lọ ní Aràmọkọ. Àwọn ará àdúgbò ti ṣíwọ́ kíka ọjọ́. Simiat nìkan ni kò ṣíwọ́, torí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjerò, nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan báyìí, ló ti ń bá wọn ṣáájì fóònù. Sólà mẹ́ta wà lórí òrùlé, bátìrì ńlá méjì wà lábẹ́ tábìlì, wáyà sì lọ́ mọ́ra wọn lára ògiri bí ìtàkùn. Bí fóònù bá ti dé, yóò fi píláásítà lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò sì fún ẹni tó ni ín ní páálí kékeré tó ní nọ́ńbà kan náà. Simiat ò kàwé. Nọ́ńbà ni gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò tíì fi fóònù ẹnìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ rí.

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, kí aago mẹ́jọ tó lù, fóònù méjìdínlógójì ti wà lórí tábìlì. Àwọn ọmọ ilé ìwé méje sì ti wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n forí korí lé tábúlẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kan tí Màríàm, ọmọ Simiat, gbé lé orúnkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Màríàm, SS2 ló sì wà.

Lukman, ọkọ Simiat, tó máa ń wa ọkọ̀ akérò láti Aràmọkọ dé Iléṣà, ń mu ògì lórí ìdúró. Ó fi ife náà nawọ́ sí àwọn ọmọ.

"Ìyá Màríàm, ṣé ṣọ́ọ̀bù lo ṣí níbí ni àbí ilé ìwé? Ìyá kan fẹ́ gbé fóònù wá lẹ́ẹ̀kan, kò ríbi kọjá. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é lọ́hùn-ún. Mo ń wò ó."

Simiat bu mọ́ínmọ́ín kan lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́, Bàbá Màríàm. Ẹ má jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín yẹn tutù."

Lukman jẹ mọ́ínmọ́ín náà tìbínú-tìbínú, ó bá tirẹ̀ lọ sí páàkì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣẹ̀yìn ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìjì ló ṣí páànù ilé náà lọ, ọdún mẹ́ta rèé. Òjò rọ̀ lé ìwé lórí títí ìwé fi di ẹ̀kọ. Àwọn aláṣẹ wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọkọ̀ lọ. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí, láàárín àga tó ti kán. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo ló kù tí ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, ojú ewé ogún sì ti já kúrò láàárín rẹ̀, débi pé kò sẹ́ni tó mọ bí ọkùnrin tó sá lọ ní orí kẹrin ṣe di òkú ní orí kẹfà. Bí ìdánwò bá dé, wọ́n á há àkọsílẹ̀ ṣókí tí ẹlòmíì ṣe sórí, wọ́n á dà á sórí ìwé, wọ́n á gbàgbé.

Ìbínú èyí ló mú kí Tíṣà Fẹ́yìsayọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ orí ayélujára, ó lọ síbi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń fi ìwé wọn tọrẹ, ó kó ọgọ́rin ìwé wá, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Wọn kì í gba fóònù láyè nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, dátà sì wọ́n, nítorí náà ló ṣe wá bẹ Simiat pé kó bá òun fi tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó bá fẹ́ ìwé á mú fóònù wá, tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀, Màríàm á fi búlútúùtù ta ìwé sí i, kò ní ná an ní dátà rárá. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá parí ìwé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára páálí tó wà lára ògiri, kó sọ ẹni tí ìwé náà yóò bá lára mu.

Ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ a máa pa Màríàm lẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, *Nọ́ńbà 12 dára fún ẹni tí òun àti àbúrò rẹ̀ kì í gbọ́ra wọn yé.* Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, *Nọ́ńbà 31 ń dẹ́rù bani. Ẹ má dá nìkan kà á.* Abẹ́ ìyẹn ni ẹlòmíì kọ ọ́ sí pé, *Irọ́ ni. Mo dá nìkan kà á, mo tún padà kà á.*

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí Bàbá Jemimah dé.

Ọlátúndé lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ọmọ Aràmọkọ gan-an. Òun ló ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà, òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tí Simiat ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ kúrò ní Ìwó wá sí ìlú yìí, kò pè é ní "ìwọ" rí. Ṣùgbọ́n lónìí fóònù Jemimah ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àgádágodo wà lọ́wọ́ òsì, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ni ọkùnrin náà?"

Simiat gbójú sókè. "Ọkùnrin wo, Bàbá Jemimah?"

"Ẹni tó ń tibí kọ̀wé sí ọmọ mi! Ìwọ lò ń bá wọn gbà á wọlé. Mo wà níbi iṣẹ́, mo ń gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jó. Mo sáré wọ inú ulé. Ẹ̀wà ti di èédú! Jemimah jókòó sórí àpótí, omi ń dà lójú ẹ̀ wàràwàrà, ó gbá fóònù mú. Mo ní ta ló kú? Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún? Ó ní uwé ni."

Bínú bá ti ń bí i, Èkìtì ẹnu rẹ̀ a máa yọ síta. Ó wo àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Uwé! Èmi náà lọ sílé ìwé. Wọ́n nà mí débi pé mi ò lè jókòó. Mo sunkún nítorí pàṣán, mi ò sunkún nítorí uwé rí. Ọkùnrin ni! Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!"

"Bàbá Jemimah, ìwé ni lóòótọ́," Màríàm sọ. "Èmi ni mo fi sí i fún un. Nọ́ńbà—"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!"

Ó ní kí gbogbo wọn jáde. Simiat rò pé ó fẹ́ yẹ inú ṣọ́ọ̀bù wò, ó jáde, Màríàm náà fi tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ̀lé e. Ni Bàbá Jemimah bá fa ilẹ̀kùn pọ̀, ó ki àgádágodo bọ̀ ọ́, ó tì í pa, pẹ̀lú fóònù méjìdínlógójì àti tábúlẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Ó ní kí Simiat wá ibòmíì lọ, òun kò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù lórí ilẹ̀ òun mọ́. Ó yí padà, ó lọ.

Kí aago kan ọ̀sán tó lù, ọ̀rọ̀ ti kún àdúgbò. Ìyá Bùnmi tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì ló kọ́kọ́ sọ pé òun rí ọkùnrin kan tó máa ń gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́jà ni. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ ata, Jemimah ti lóyún oṣù mẹ́ta. Láàárín èyí, àwọn tó ni fóònù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páálí nọ́ńbà lọ́wọ́. Ọ̀kan ń retí ìpè ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ọ̀kan ní ẹni tó fẹ́ ra iṣu òun ò mọ ibi tóun wà àfi tó bá pe òun. Simiat ń bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi ha, nígbà tó yá ó fi Màríàm sílẹ̀ níbẹ̀ pé kó máa bá wọn sọ̀rọ̀, ó rìn lọ sílé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Lukman ti wà nílé. Fóònù alága páàkì wọn wà lára èyí tí wọ́n tì mọ́lé. Wọ́n ti lé e kúrò lórí ìlà pé kó lọ gbà á wá kó tó gbé èrò.

"Mo sọ àbí mi ò sọ?" Lukman ń pariwo. "Láàárọ̀ yìí gan-an, mo sọ! Ṣọ́ọ̀bù tó ń bọ́ wa! O jẹ́ kí tíṣà tí ò bá ẹ tan wá fi ilé ìkàwé sí i. Ṣé ìwọ lo ba ti ìjọba jẹ́ ni? Ṣé ìwọ ni ìjì?"

Simiat jókòó, ó ń já ewé ẹ̀fọ́ kúrò lára igi rẹ̀.

"Lórí ìwé ni! Ìwé tí ìwọ fúnra ẹ ò lè kà!"

Ọwọ́ Simiat dúró lórí ẹ̀fọ́. Kò gbójú sókè. Ìró ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjerò kọjá lójú títì. Lukman gbé ife omi, kò sí omi nínú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu síbẹ̀síbẹ̀.

Simiat tún bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀fọ́. Nígbà tó já èyí tó kẹ́yìn tán, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde.

"Kò sẹ́ni tó bi ọmọ yẹn," ló sọ.

"Kò sẹ́ni tó bi í kí ni?"

"Ohun tó wà nínú ìwé náà. Láti àárọ̀ tí gbogbo ìlú ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í."

Ó fi ìborùn bo orí, ó jáde. Lukman pè é lẹ́ẹ̀mejì, Simiat ń lọ. Lukman fi ife sílẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Màríàm náà tẹ̀lé ìyá rẹ̀ nígbà tó rí i lójú títì. Àwọn tó ni fóònù, tí wọn kò ní ibòmíì tí wọ́n ń lọ, tẹ̀lé Màríàm. Ìyá Bùnmi bo búrẹ́dì rẹ̀, òun náà dara pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ibi iṣẹ́ káfíńtà, èrò bí ogún ló wà lẹ́yìn Simiat.

Bàbá Jemimah ń fá pákó. Jemimah ń gbá èérún igi jọ ní kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wú. Simiat kúnlẹ̀ lórí èérún igi náà.

"Bàbá Jemimah, ẹ kúuṣẹ́ o. Mi ò wá jà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ fún ọmọ ní fóònù náà, kó ka ibi tó ń kà tó fi sunkún sí etí gbogbo wa, kó sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kankan nínú ẹ̀, lónìí yìí ni màá kó ẹrù mi, mi ò ní dúró dọ̀la."

Lukman tó wà lẹ́yìn fẹ́ sọ̀rọ̀. Màríàm fà á láṣọ sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà wo Simiat, ó wo èrò. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ fóònù náà lójú, kò ṣí fún un. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i, Jemimah nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ yọ fóònù náà lápò, ó jù ú sórí tábìlì. "Kà á," ló sọ. "Kí gbogbo ayé gbọ́."

Ohùn Jemimah kọ́kọ́ kéré. Ó ń ka ìlà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì tún ń ka òmíràn. Ọmọbìnrin kan ló wà ní ìlú kan lókè Ọya níbi tí òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ àgbà ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Nígbà tí kò sí oúnjẹ mọ́, ọmọ náà fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí ọjà ìlú kejì, ìrìn ọjọ́ kan gbáko, ó tà á fún oníṣòwò iyọ̀ kan. Ó ra ọkà jéró, ó wá ọkọ̀ tó gbé e padà. Nígbà tí ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà...

Jemimah dúró. Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan lójú fóònù, nǹkan kékeré kan ṣí lábẹ́ rẹ̀, ó kà á, ó tún ń bá a lọ.

"Kí lo tẹ̀ yẹn?" bàbá rẹ̀ bi í kíá.

"Ọ̀rọ̀ tó le ni. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún mi."

"Á sọ ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò ní nà ọ́?"

"Kò ní nà mí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Bàbá Jemimah ò rẹ́rìn-ín. Ó fà sún mọ́ ọmọ rẹ̀ díẹ̀.

Ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà, ọmọ náà kò sì délé títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Nígbà tó délé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti já okùn, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá. Okùn náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán ní pátákò rẹ̀. Ó dúró síbi tí wọ́n máa ń so ó mọ́, kò pariwo, ó ń retí pé kí wọ́n wá so òun. Jéró tí wọ́n fi í rà wà lórí ọmọ náà.

Ìyá Bùnmi ti fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu.

"Oníṣòwò náà ńkọ́?" Bàbá Jemimah bi í. "Kò wá a wá ni?"

"Ó ń bọ̀. Wọ́n rí eruku ẹsẹ̀ ẹ̀ lókèèrè."

"Ó wá dé. Kí ló ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá." Jemimah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ibẹ̀ lẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ mi."

Bàbá Jemimah wo pákó tó ń fá. Ó wo Simiat, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Ó yọ aṣọ kúrò lórí àga kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde nílẹ̀, Ìyá Màríàm. Ẹ jókòó." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kà á lọ."

Oníṣòwò náà dé. Kò bínú. Ó wo pátákò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó bèèrè omi, ó fi wẹ ẹsẹ̀ ẹran náà. Ìyá àgbà nawọ́ jéró sí i pé kó gbà á dípò owó rẹ̀. Ó ní jéró kò wúlò fóun, iyọ̀ òun ò lè fẹsẹ̀ rin. Ó so okùn tuntun mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń fà á lọ. Ọmọbìnrin náà sáré tẹ̀lé wọn, ó sì bá wọn rìn dé ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọrùn ẹran náà, kó má baà rò pé àwọn lé òun ni.

"Ó parí," ni Jemimah sọ.

Bàbá Jemimah fi apá ẹ̀wù nu ojú. "Èérún igi yìí," ló sọ, "ó máa ń wọni lójú." Gbogbo wọn ló gbà fún un pé èérún igi ni. Ó wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó kọ́kọ́ mú èyí tí kì í ṣe òun, ó tún wá a, ó rìn lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọmọ méje há mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, ó fi ìgbésẹ̀ wọn ẹ̀gbẹ́ ògiri lóde, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé pákó kan wà nílé tó máa gùn tó bẹ́ẹ̀. Èkìtì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, "ẹ" sì ti padà.

"Ẹ̀wà náà ti jóná ṣá," ló sọ kó tó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Simiat gúnyán. Ó bu abọ́ ńlá kan, ó da ẹ̀fọ́ lé òmíràn, ó ní kí Màríàm gbé e lọ fún Bàbá Jemimah àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Màríàm padà dé, ó ní Jemimah ń tún ìtàn náà sọ fún àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọn kò débẹ̀ lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ sì ń tún un ṣe níbi tó bá ti fò ó.

Wọ́n kírun Mọ̀gàrí tán, wọ́n jẹun. Lukman kò sọ ohun tó sọ lọ́sàn-án mọ́, kò sì sọ pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Òun ló kó abọ́ jọ, ohun tí kì í ṣe. Nígbà tó jókòó padà, ó yọ fóònù rẹ̀, ó nà án sí Màríàm láì wo ẹnikẹ́ni.

"Bá mi fi ọ̀kan sí i. A máa ń pẹ́ kí ọkọ̀ tó kún níbi ìlà."

Màríàm gba fóònù náà. "Irú èwo lẹ fẹ́, Bàbá?"

"Èyíkéyìí."

"Kò sí èyíkéyìí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn, kí n lè mọ èyí tó máa bá yín lára mu."

Lukman ronú. Simiat rò pé ọkọ̀ ló máa sọ, tàbí bọ́ọ̀lù.

"Èyí tí òkun wà nínú ẹ̀," ló sọ níkẹyìn. "Òkun gangan, tí wọ́n wà lórí ẹ̀ tí wọn ò rí ilẹ̀. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Láti kékeré ni mo ti máa ń rò ó."

Simiat yíjú sí i. Ọdún méjìdínlógún nìyí tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò mọ̀ pé ó ń ro òkun.

Màríàm ti tẹ orí ba tábúlẹ́ẹ̀tì, ìka rẹ̀ ń lọ lójú rẹ̀, ó ń wá a.